Àwọn Batammariba orí òkè Atakora: àṣà àti ìṣe wọn

Batammariba ni orúkọ tí àwọn ará òkè Atakora kan ń pe ara wọn. Wọ́n wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Benin, ní agbègbè Boukoumbé àti Natitingou. Wọ́n sì tún wà ní òdì kejì ààlà ní Togo, ní agbègbè Kandé àti Nadoba. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, Otammari ni. Èdè wọn ni Ditammari, ilẹ̀ wọn sì ni Koutammakou. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà láàárín gbogbo rẹ̀, iwájú rẹ̀ nìkan ló ń yí padà: «o» fún ẹnì kan, «ba» fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, «di» fún èdè, «kou» fún ilẹ̀. Bí èdè náà ṣe ń rìn nìyẹn. Ó jìnnà sí Yorùbá, torí inú ẹbí èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gur ló wà, pẹ̀lú èdè àwọn Mọ̀sí ní Burkina Faso. Àwọn tó gbọ́ èdè náà ṣàlàyé pé amọ̀ àti ilé kíkọ́ ló wà nídìí orúkọ yìí: àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi amọ̀ kọ́lé.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ títí dé Àjàṣẹ́, Sómbà la máa ń pè wọ́n. Ní Togo, Tamberma ni. Orúkọ tí àwọn ará ìta sọ wọ́n ni méjèèjì. Sómbà yìí tilẹ̀ le díẹ̀, torí gbogbo ará Atakora ni wọ́n ń fi pè pọ̀: Waaba, Berba, Natemba, Bésorubé, wọ́n da gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan. Ààrẹ Mathieu Kérékou, tí wọ́n bí ní Kouarfa ní 1933, Sómbà ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pè é títí ó fi kú ní 2015, wọn ò sì bìkítà láti béèrè ìlú tàbí èdè rẹ̀. Nínú ọjà wa, ọ̀rọ̀ náà ti di èébú. Ọmọ tí ò fọ ẹsẹ̀, ẹni tó ń jẹun tí kò wẹ̀, «bíi Sómbà» ni wọn yóò sọ.

Lọ́dọọdún la máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí wọ́n bá parí, ìjọba á fún wọn ní ìwé: ìwọ, Pobè, ìwọ, Kétu, ìwọ, Boukoumbé. Ẹni tó bá gba Boukoumbé, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. A ti rí èyí tó bú sẹ́kún. Wọ́n ti gbọ́ pé ìhòhò ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń rìn, pé inú ihò àpáta ni wọ́n ń sùn, pé wọ́n ń ta ọfà lu àlejò. Torí àwọn ọmọ wọ̀nyí la ṣe kọ àlàyé yìí, àti torí àwọn àgbẹ̀ wa pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí àwọn Batammariba ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá dáko ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀, ní Tchaourou, ní Glazoué, ní Ouèssè. Wọ́n ń kọ ebè iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ọmọ wọn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ó yẹ ká mọ ilé tí wọ́n ti wá.

Òkè, àti ìdí tí wọ́n fi dúró síbẹ̀

Ìtàn wọn sọ pé apá àríwá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Burkina Faso wà lónìí, ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, tí wọ́n wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jókòó sí Atakora. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ náà á béèrè pé kí ló dé tí ènìyàn á fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó dára sílẹ̀ wá sáàárín òkúta. Ìdáhùn náà ò ṣòro. Ní ayé ogun ẹrú, àwọn ẹlẹ́ṣin Bàrìbá ń ti ìlà-oòrùn wá, àwọn ará Mango ní Togo ń ti ìwọ̀-oòrùn wá, ọjà ẹrú sì wà ní etí òkun, lọ́dọ̀ tiwa níbí. Ẹṣin ò lè sáré gun òkè olókùúta. Ẹni tó wà lókè pẹ̀lú ọrun àti ọfà lè rí ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ìdàáṣà jókòó sáàárín òkè. Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ. Ogun ló lé wa dé ìdí òkúta bó ṣe lé àwọn náà, ìyàtọ̀ kan ni pé àwa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ogun, a kọ́ ìlú ńlá, a fi ọba jẹ.

Àwọn ò fi ọba jẹ rárá. Èyí ló ń kọ́kọ́ dàrú mọ́ ọmọ Yorùbá lójú tó bá débẹ̀. Kò sí ààfin, kò sí adé, kò sí ẹni tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ìdílé ni ó ń so wọ́n pọ̀, àwọn ọmọ baba kan náà tí wọ́n ní ibi ẹbọ kan náà àti ibi ìsìnkú kan náà. Àgbà tó ń bójú tó ilẹ̀ wà, àgbà tó ń bójú tó ẹbọ ìdílé wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè pàṣẹ fún ilé ẹlòmíràn nínú wọn. Nígbà tí àwọn Faransé dé, wọ́n wá olóyè tí wọ́n lè fi gba owó orí, wọn ò rí. Wọ́n bá yan àwọn kan fúnra wọn, àwọn ènìyàn ò sì ka àwọn olóyè yẹn sí. Ní 1916 sí 1917, owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí ogun Yúróòpù mú kí Atakora dìde. Kaba ni orúkọ ẹni tó ṣáájú wọn. Àwọn Faransé ní láti kó ọmọ ogun lọ sórí òkè kí wọ́n tó lè borí. Nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ wa ń kà, Béhanzin àti Bio Guéra ni wọ́n mọ̀ jù, orúkọ Kaba kì í pẹ́ lẹ́nu wọn. Olùkọ́ tó bá ń lọ sí Natitingou kó tètè kọ́ ọ.

Ilé tí wọ́n ń pè ní takienta

Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nípa àwọn Batammariba, inú ilé ló wà. Takienta ni wọ́n ń pè é. Tó bá pọ̀, sikien ni. «Tata» tàbí «tata somba» ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ mú àlejò kiri ń pè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i láti ọ̀nà á rò pé ilé ìṣọ́ ogun kékeré ni: àwọn ògiri roboto, òrùlé koríko ṣonṣo lórí àwọn kan, òkè tó tẹ́jú láàárín. Amọ̀ ni láti ilẹ̀ dé òkè, igi sì ni ó gbé àjà rẹ̀ dúró.

Ilé náà ní ìsàlẹ̀ àti òkè. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, kò sì ga, ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó wọlé. Ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni àwọn ẹran ọ̀sìn ń sùn, ibẹ̀ náà ni ojúbọ àwọn baba ńlá wà. Láti ibẹ̀, wọ́n á gun òkè lọ síbi tó tẹ́jú, níbi tí ìgbé ayé gidi wà: iyàrá tí wọ́n ń sùn, ibi tí wọ́n ń sá ọkà, ibi tí obìnrin ń dáná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti àwọn àká. Àká yìí ló ń dà bí ìkòkò ńlá tí wọ́n gbé lé orí ilé. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkùnrin, ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin. Ọkùnrin ò lè kàn ṣí àká ìyàwó rẹ̀ kó bu ohun tó wù ú. Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ «ta ló ni oúnjẹ» ti ní ìdáhùn nínú ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ayé ogun, gbogbo èyí ní ìlò. Ọ̀tá tó bá tẹ̀ wọ inú òkùnkùn ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ ò ríran, orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé. Onílé wà lókè pẹ̀lú ọfà, oúnjẹ wà lókè, omi wà lókè, ẹran wà ní ìsàlẹ̀. Ihò kékeré kan wà lórí ilẹ̀ òkè yẹn, òkúta pẹlẹbẹ ló ń dé e, láti ibẹ̀ onílé lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sórí ọ̀rọ̀ ogun nìkan ò tíì mọ takienta. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún àlejò máa ń dúró síbẹ̀, ó sì ń dùn wá.

Lójú àwọn tó ni ín, ènìyàn ni ilé náà. A ò sọ ọ́ bí àfiwé. Ẹnu ọ̀nà ni ẹnu rẹ̀. Ògiri iwájú ni ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán, àwọn obìnrin á fi ìka fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sára amọ̀ tútù, ilà tó jọ èyí tí wọ́n kọ sára ènìyàn. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n máa ń mọ ìwo amọ̀ méjì, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Tí baálé bá kú, wọ́n á fi aṣọ bo iwájú ilé bí ìgbà tí wọ́n wọṣọ fún òkú. Obìnrin Amẹ́ríkà kan, Suzanne Preston Blier, gbé lọ́dọ̀ wọn ní Togo ó sì kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó jáde ní 1987. Ọ̀rọ̀ ara ènìyàn ló fi sọ ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, a sì gbà pé òun ló tọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, torí amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ náà ló ń ṣáájú, àwọn ará ilé àti àwọn aládùúgbò á po amọ̀, á sọ ọ́ di ìṣù, á máa jù ú fún un. Ó á to ipele kan, á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kó tó gbé òmíràn lé e. Tí àwọn ọkùnrin bá mọ ọ́n tán, iṣẹ́ wọn parí. Rírẹ́ jẹ́ ti obìnrin: amọ̀ dáadáa, ẹlẹ́bọ́tọ, omi tí wọ́n sè láti ara èèpo èso igi tí a fi ń ṣe irú, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òrí. Èyí ni kì í jẹ́ kí òjò fọ ògiri lọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ bí a ṣe ń fi ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́lẹ̀, ẹ mọ ohun tí a ń sọ. Bí ọdún bá yí, wọ́n á tún un rẹ́. Ilé tí kò bá ní obìnrin, ara rẹ̀ ò lè dá.

Àwọn ilé yìí kì í fara mọ́ra bí agbo ilé tiwa. Oko ló wà láàárín takienta kan àti èkejì. Wọ́n ń sọ pé ọmọkùnrin tó bá fẹ́ dá ilé tirẹ̀ kọ́ á dúró sórí ilé baba rẹ̀, á ta ọfà, ibi tí ọfà bá balẹ̀ sí ni yóò kọ́lé sí. Bóyá gbogbo ènìyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè tó wà láàárín ilé sí ilé bá ọ̀rọ̀ náà mu: ó jìnnà tó kí baba má máa darí ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì jìnnà jù tí a fi ké «ẹ gbà wá» kí wọ́n má gbọ́. Ká má gbàgbé pé gbogbo sikien ò rí bákan náà. Ti Boukoumbé yàtọ̀ sí ti àwọn Berba, ti àwọn Berba yàtọ̀ sí ti àwọn Bésorubé, ẹni tó dàgbà síbẹ̀ á wo ilé láti ọ̀ọ́kán á sì sọ ìran tó ni ín.

Kuiye, ilẹ̀, àti àwọn tó ti lọ

Ẹnu ọ̀nà takienta kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Kuiye ló fà á. Kuiye ni ẹlẹ́dàá, oòrùn ni àmì rẹ̀, wọ́n sì gbà pé abúlé rẹ̀ wà lójú ọ̀run níhà ìwọ̀-oòrùn. Akọ àti abo ni Kuiye pa pọ̀, bàbá ni, ìyá ni. Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ń lọ sílé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà wọlé dé ibi ojúbọ. Kuiye wà lókè. Butan wà nísàlẹ̀, òun ló ni ilẹ̀ àti ohun abẹ́ ilẹ̀, òun la gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó dáko tàbí ká tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Níwájú ilé, ẹ ó rí àwọn òkìtì amọ̀ kéékèèké tó ṣonṣo lórí. Àwọn ọmọ ìlú ńlá máa ń rò pé ilé ikán ni, tàbí ibi ìjókòó. Ojúbọ ni. Ìwọ̀nyí àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń bá àwọn baba ńlá sọ̀rọ̀, torí òkú ò kúrò nílé. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n á lọ wádìí lọ́dọ̀ awo kí wọ́n mọ ẹni nínú àwọn tó ti lọ tó wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní Bábátúndé àti Yétúndé nílé, èyí ò ní yà yín lẹ́nu. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà: níbẹ̀, gbogbo ọmọ ló ní ẹni tirẹ̀, kò di dandan kó jẹ́ bàbá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ìsìnkú àgbàlagbà máa ń gba àkókò. Ìlù ni ó ń ṣáájú, ijó ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní tibenti tó jẹ́ ti àgbà nìkan. Wọ́n á fi ijó náà sọ ìgbé ayé ẹni tó lọ. Òkúta pẹlẹbẹ tó dé ihò orí ilé, tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, á kúrò lórí ilé lọ sí ibojì. Ibi tí ilé àti ara ènìyàn ti pàdé gan-an nìyẹn.

Bí ọmọ ṣe ń di àgbà

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ ilà ojú fún ọmọ, ilà wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kó tó rí i dáadáa. Àwọn òbí tí kò kọ ọ́ mọ́ ń pọ̀ sí i, bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà.

Àṣà tó tóbi jù ni ìgbàwọlé. Ti ọmọkùnrin ni difuani, ti ọmọbìnrin ni dikuntri. Kì í ṣe ọdọọdún, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń wà láàárín kan àti èkejì, ìdílé ló sì ń mú àwọn ọmọ tirẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, ẹni tí kò ṣe é ò mọ̀ ọ́n, àwa ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀. Èyí tó hàn sójú ni a lè sọ. Àwọn ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ fi ara dà ìrora láìsunkún. Boukoumbé gbajúmọ̀ fún ayẹyẹ pàṣán, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń na ara wọn ní gbangba. Àwọn tó mọ ṣàárọ̀ àwọn Fúlàní, ẹ lè fojú inú wò ó. Àwọn ọmọbìnrin tó ṣe dikuntri máa ń dé adé oníwo, ìwo ẹtu tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwo méjì tí a rí lókè ẹnu ọ̀nà ilé nìyẹn: ilé náà ti gbàwọlé, ó ti di àgbà, ó lè bí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn. Ní ọdún difuani tàbí dikuntri, àwọn ọmọ kan á pàdánù lẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Olùkọ́ kan lè fi pupa sí orúkọ wọn nínú ìwé ìpè pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Olùkọ́ mìíràn á ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ìgbà wo ni, á sì ṣètò ìdánwò rẹ̀ kó má bá a lórí. Èkejì yìí ni kíláàsì rẹ̀ máa ń kún.

Ìgbéyàwó, oko àti ọtí

Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ wọn á ṣe iṣẹ́ oko fún bàbá ọmọ náà. Ọ̀wẹ̀ àna ni, ohun tí àwọn baba wa náà ṣe kí owó tó gba ipò rẹ̀. Ó lè gba ọdún púpọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó á sì bá a lọ.

Jéró, ọkà bàbà àti fóníò ni oko wọn, pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹ̀pà àti iṣu. Fóníò tó ń ti Boukoumbé wá ni àwọn ará Cotonou ń rà nínú ọ̀rá lónìí ní owó gọbọi, tí wọ́n ní dókítà ló ní kí àwọn máa jẹ ẹ́. Ọkà wẹ́wẹ́ yìí, tí à ń pè ní oúnjẹ àwọn òtòṣì, ló ń ṣíwájú nínú oúnjẹ ẹbọ wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń to ilẹ̀ òkè, tí wọ́n ń fi òkúta dá ẹ̀gbẹ́ oko kí òjò má gbá erùpẹ̀ lọ, yẹ kí àwọn àgbẹ̀ Ìdàáṣà lọ wò ó.

Ọkà bàbà náà ni wọ́n fi ń pọn ọtí ṣùkùtù, obìnrin ló ń pọn ọ́n. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ ọtí. Inú igbá ni wọ́n ń fi mu ún, ẹni méjì sì lè mu igbá kan pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kọ ọtí, ẹ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọwọ́ méjèèjì, wọn ò ní bínú. Ẹni tó bá yí imú ni wọ́n máa ń rántí.

Ohun tó ń yí padà

Ní 2004, UNESCO kọ Koutammakou apá Togo sínú ìwé ogún gbogbo ayé, ilẹ̀ tó tó 50 000 hẹ́kítà. Ó gba ọdún 19 kí apá Benin tó wọlé: 2023 ni wọ́n fa ààlà ogún náà kọjá sí ọ̀dọ̀ wa, tó fi jẹ́ pé ogún kan ni lórílẹ̀-èdè méjì báyìí. Àwọn ìdílé tó wà níbẹ̀ ò mọ ààlà yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n lè wà ní Benin kí àbúrò wà ní Togo. Àwọn Jámánì àti Faransé ló gé e.

Ìwé UNESCO ò lè rẹ́ ògiri. Ní 2018, ìjì àti òjò líle wó ọ̀pọ̀ sikien ní apá Togo, àjọ World Monuments Fund sì fi Koutammakou sínú àwọn ibi tó nílò àmójútó ní 2020. Òjò máa ń wó ilé amọ̀ láti ayébáyé, wọ́n á sì tún un kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà báyìí ni pé àwọn tó yẹ kó tún un kọ́ ti lọ. Wọ́n wà ní oko Ṣábẹ̀, wọ́n wà ní Nàìjíríà, wọ́n wà ní Parakou lórí zémídjan. Igi tó le tó láti gbé àjà ti jìnnà, àwọn ìyá tó mọ bí a ṣe ń rẹ́ ẹ ti ń darúgbó. Páànù, èyí tí à ń pè ní tólù, kò nílò kí wọ́n rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá kó owó bọ̀ láti oko iṣu á kọ́ iyàrá olóníbiríkì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ takienta baba rẹ̀, á sùn nínú rẹ̀. Ó gbóná nínú rẹ̀ ju ti baba rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò jò.

A ò dá wọn lẹ́bi. Ta ló ń gbé inú ilé amọ̀ nínú àwa tó ń kọ ọ́ yìí? Ohun tí a rí tó dùn mọ́ wa ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wó ti àtijọ́. Wọ́n ń sùn sínú tólù, wọ́n sì ń lọ bọ nínú takienta. Òkú baba wọn kì í lọ sábẹ́ páànù.

Àwọn àlejò tó ń wá wo ilé náà ń mú owó díẹ̀ wá, pàápàá ní Koussoukoingou àti Nadoba. Láti ìgbà tí ìkọlù àwọn adigunjalẹ̀ ẹlẹ́sìn ti bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Atakora, ní agbègbè Porga, ní ìparí 2021, àwọn òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ẹni tó ti ya yàrá méjì sọ́tọ̀ fún wọn ń fi kó ọkà sí báyìí.

Ní ti èdè, Ditammari wà lára àwọn èdè mẹ́fà tí ìjọba Benin yàn fún ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà, Yorùbá náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Fọ̀n, Àjá, Baatonu àti Dẹ́ńdì. Kò sí ohun tó ní kí olùkọ́ Yorùbá má kọ́ ìkíni mẹ́wàá kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra.

Fún ẹni tó ń lọ

Ọ̀nà láti Cotonou dé Natitingou lé ní 500 kìlómítà, ọkọ̀ ti Boukoumbé sì wà láti ibẹ̀. Ẹ mú aṣọ òtútù dání: nígbà ọyẹ́, òru orí òkè tutù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ó rí orúkọ bíi N'Tcha, N'Dah, Kouagou àti Sambiéni léraléra nínú ìwé ìpè yín. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ẹ̀rín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ́ yín bí a ṣe ń pè é.

Tí wọ́n bá pè yín sílé, ẹ dúró lójúde, ẹ kí láti ibẹ̀, kí onílé fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹ wọlé. Ẹ má jókòó lórí òkìtì amọ̀, ẹ má gbé àpò lé e, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ láìbéèrè. Ẹ tẹ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá dé òkè, níbi tó tẹ́jú, wọ́n á bu omi fún yín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè orúkọ bàbá yín àti ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ẹ sọ ọ́ ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ agbo ilé yín, torí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.